Ta ni Ó ń Pàṣẹ fún Ọjà? Òmìnira Ẹnìkọ̀ọ̀kan àti Ètò Ìlalẹ̀hù nínú Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé

Ẹ̀kọ́ tí a ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn lé e. Mo lè kó ìwé wọn jọ kí n máa kà á sí yín létí. Ṣùgbọ́n ìlú Ẹdẹ ni a wà, ọjà sì wà níwájú ààfin. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mi kò gùn. Ta ni ó ń pàṣẹ fún ọjà? Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń pàṣẹ fún un, kí ló dé tí kì í dàrú? Bí ó bá sì jẹ́ pé ó yẹ kí ẹnìkan máa pàṣẹ níbẹ̀, ibo ni ó yẹ kí àṣẹ ẹni náà mọ?

1. Ọjà tí kò ní apàṣẹ

Bí a bá dé ọjà ní òwúrọ̀, a ó rí iṣu tí wọ́n kó wá láti ìhà ọ̀dàn, a ó rí gàrí, ata, epo pupa, iyọ̀, aṣọ, àti ẹja gbígbẹ tí ó ti odò òkèèrè wá. Kò sí ìjòyè kan tí ó jókòó ka iye ẹnu tí yóò jẹun ní Ẹdẹ lọ́jọ́ náà, kí ó tó wá ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ pé iye iṣu báyìí ni kí wọ́n kó wá. Àgbẹ̀ tí ó wa iṣu náà kò mọ ẹni tí yóò gún un níyán. Awakọ̀ tí ó gbé e kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò fi gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ ni ó ń wá. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti jẹun.

Ẹ wo ọjà ọrọọrún pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọjà àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ń pé, ṣùgbọ́n àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí a ná ọjà mọ́ ọjọ́ tí a ó tún un ná, èyí ni a fi ń pè é ní ọrún. Bí ọjà abúlé kan bá bọ́ sí òní, ti èkejì lè bọ́ sí ọ̀la, kí ti ẹ̀kẹta bọ́ sí ọ̀túnla, kí alájàpá lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìpàdánù. B. W. Hodder àti U. I. Ukwu ṣe àlàyé ètò yìí nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1969. A kò gbọ́ ọ rí pé ọba kan pe gbogbo abúlé jọ láti pín ọjọ́ ọjà fún wọn. Ọjà tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí ó tóbi jù ú lọ ni kì í rí èrò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yẹ ọjọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èésú rí. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, sì kọ odidi àròkọ kan lórí rẹ̀ ní 1952. Ẹni mẹ́wàá lè máa dá iye kan náà jọ ní ọrọọrún, kí ẹnìkan máa kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Kò sí òfin ìjọba tí ó dá èésú sílẹ̀, kò sì sí baba ńlá kan tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó gbèrò rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó tirẹ̀ tán tí ó sì sá lọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó ń bẹ̀rù. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni pé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò gbà á mọ́.

Irú ètò báyìí ni mo fẹ́ kí a máa pè ní ètò ìlalẹ̀hù. Ewéko tí ó lalẹ̀ hù, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò. Ètò kejì ni ètò àpàṣẹ, irú èyí tí ó wà láàrin àwọn ọmọ ogun. Èmi kò sọ pé ìkan jẹ́ ire tí èkejì jẹ́ ibi. Ìlú tí Tìmì Láoyè ti jọba láti 1946 sí 1975, ọba tí ó mọ ìlù lù tí ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀, kò lè ṣàìmọ̀ pé ìyáàlù ni ó ń darí ọ̀wọ́ dùndún. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá ń ké bí ó ti wù ú, ariwo ni yóò dà. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe ọ̀wọ́ ìlù. Orin kan ni ọ̀wọ́ ìlù ń lù. Ọjà kò ní orin kan, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ìfẹ́ ọkàn. Àṣìṣe ńlá ni kí a máa wá ìyáàlù fún un.

2. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní 1767, Adam Ferguson, ará Skọ́tílándì, kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwùjọ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lé lórí ni ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn, láìjẹ́ pé ọmọ ènìyàn kan ni ó pète rẹ̀. Adam Smith, tí òun náà jẹ́ ará Skọ́tílándì, tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ní 1776. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké jù lọ ni Friedrich Hayek, tí wọ́n bí ní Vienna ní 1899. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1945, ó ní ìṣòro ọrọ̀ ajé kì í ṣe ìṣòro ìṣirò lásán. Ìmọ̀ tí a nílò láti fi ṣètò rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sì lè sí lọ́wọ́ ẹnìkan. Ó fọ́n ká sórí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbẹ̀ mọ èyí tí ó ń rà lára iṣu rẹ̀. Awakọ̀ mọ afárá tí omi gbé lọ. Ìyá tí ó ń ra oúnjẹ mọ ohun tí ó wà nínú ìṣùn owó rẹ̀, ó sì mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè fara dà. Bí a bá kó gbogbo wọn wá sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan láti wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ìmọ̀ náà yóò ti di ti àná kí akọ̀wé tó kọ ọ́ tán.

Báwo wá ni ìmọ̀ tí ó fọ́n ká ṣe ń di ọ̀kan? Hayek ní nípasẹ̀ owó ọjà ni. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ ní ìhà ọ̀dàn, owó iṣu yóò gbéra ní Ẹdẹ. Ẹni tí ó ń rà lè má mọ̀ bóyá ọ̀dá ni tàbí afárá ni ó já. Kò sì pọn dandan kí ó mọ̀. Yóò ra gàrí dípò iṣu, ìwọ̀nba iṣu tí ó kù yóò sì wà fún ẹni tí kò lè ṣe aláìrà á. Owó ọjà ti ròyìn fún un.

Ibí yìí gan-an ni òmìnira ẹnìkọ̀ọ̀kan ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a tẹjú mọ́ ọn. Òmìnira tí à ń wí kì í ṣe àpọ́nlé tí a fi ń kẹ́ ènìyàn. Nígbà tí a bá ń ná ọjà, agbára tí ó wà lọ́wọ́ wa kò ju gbólóhùn méjì lọ: “n kò rà” àti “n kò tà”. Ẹni tí kò bá lè sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìmọ̀ rẹ̀ kò sí nínú owó tí ọjà ń ròyìn. Ẹnìkan ni ó ń dá owó náà, òun nìkan ni a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé gbogbo onímọ̀ ni ó gba ti Hayek. Ní 1974, nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, òun àti Gunnar Myrdal, ará Swídìn, ni wọ́n jọ pín in. Myrdal sì jẹ́ ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ìjọba máa fi ètò darí ọrọ̀ ajé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀kọ́ yìí ka orí ìwọ̀n.

3. Tìmì àti ojú ọ̀nà

Ìtàn sọ pé Aláàfin ni ó rán Àgbàlé, ọdẹ ọlọ́fà iná, wá sí ìhà ibí láti kojú àwọn tí ń dá èrò lọ́nà, tí wọ́n sì ń yọ agbègbè náà lẹ́nu. Ohun tí ó bí ìlú Ẹdẹ nìyí. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an: kí ó ṣọ́ ọ̀nà. Wọn kò rán an pé kí ó wá dá iye owó iṣu. Lóòótọ́, àwọn ọba àtijọ́ a máa gba owó bodè, àwọn olóyè ọjà a sì máa bu owó ìtanràn fún ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò bá pé. Ṣùgbọ́n iye tí ẹni méjì bá fẹnu kò sí lórí igbá ata kan, àwọn méjèèjì ni wọ́n ni ín.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ètò ìlalẹ̀hù kò nílò ọba ti ṣìnà. Níbi tí a ti ń jí alájàpá gbé, ọjà kì í hù. Ohun tí ọba ń ṣe ni pé ó ń pa ilẹ̀ mọ́ kí ohun tí yóò hù lè hù.

Èmi kò sì fẹ́ kí a ṣe ọjà àtijọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ta ènìyàn ní ọjà ilẹ̀ wa. Ọjà náà létò; ó ní alágbàtà, owó rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti iṣu. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tà kò lè sọ pé òun kò lọ. Ìwọ̀fà náà ń bẹ, tí ó ń fi agbára rẹ̀ san èlé owó tí bóyá kì í ṣe òun ni ó yá a. Èésú àti ìwọ̀fà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti hù. A kò lè torí pé ohun kan lalẹ̀ hù kí a sọ pé ó dára. Ẹ̀gún náà a máa lalẹ̀ hù. Ìbéèrè tí a ó fi mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀gún ni èyí tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan: gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ǹjẹ́ wọ́n lè sọ pé “n kò ṣe”?

4. Kòkó àti Bọ́ọ̀dù

Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Ìbàdàn wá gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ìjọba ni ó la ọ̀nà náà. Iṣẹ́ Tìmì ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó gba iwájú. Wọ́n ṣí lọ sí igbó, wọ́n tọrọ ilẹ̀, wọ́n fi owó èésú àti agbára ọmọ àti ìbátan gbin igi tí wọn kò ní jẹ èrè rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Polly Hill kọ ìwé lórí irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gánà ní 1963, Sara Berry sì kọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1975. Ẹ̀kọ́ inú ìwé méjèèjì ni pé àgbẹ̀ tí a ń pè ní púrúǹtù mọ bí a ti ń fi owó òní wá ti ọ̀la.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó lè gba gbólóhùn “n kò tà” lẹ́nu àgbẹ̀. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà lónìí, fẹnu kò láàrin ara wọn láti má ṣe máa bá ara wọn díje. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn àká wọn, wọn kò tà fún oṣù púpọ̀, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ ìwádìí Nowell ní 1938. Oníṣòwò tí ó bá ń kọrin ọjà òmìnira, ó yẹ kí a wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ẹlòmíràn ní in.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ogun parí, ṣùgbọ́n àṣà náà kò parí. Ní 1947 wọ́n dá àjọ tí yóò máa ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954 ó di ti Ìwọ̀-Oòrùn. Bọ́ọ̀dù ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Bọ́ọ̀dù ni yóò kéde iye tí wọ́n ó ra kòkó kí àkókò ìkórè tó dé. Àwọn báyà tí ó gba ìwé àṣẹ ni ó ń rà á fún un, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè kó kòkó lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní bí owó bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, kí Bọ́ọ̀dù fi èlé rẹ̀ pamọ́, kí ó lè fi gba àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá já.

Bàbá mi ní oko kòkó. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo bá a ru ọjà dé ọ̀dọ̀ báyà. Ìyá mi ti ta iṣu ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ná an títí ẹnu fi ń ro ó, ó sì fi èènì lé e. Nígbà tí ó kan bàbá mi, kò sí ohun tí a ná. Báyà gbé àpò ka orí ìwọ̀n, ó wo ìwé, ó ka owó sílẹ̀. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, bàbá mi béèrè lọ́wọ́ mi, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé ìwé, pé: “Ta ni ó jókòó dá iye yìí?” N kò mọ èsì rẹ̀.

Ẹni tí ó wá èsì náà ni Peter Bauer, ọmọ bíbí Budapest tí ó di olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní 1954, ó ní owó tí àwọn Bọ́ọ̀dù ń fi pamọ́ ti kọjá èyí tí a ń pa mọ́ de ọjọ́ òjò. Owó orí ni, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ó tún ní bí owó tí ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ bá kéré, àgbẹ̀ kò ní gbin igi tuntun. Ìjọba fẹ́ fi ọgbọ́n ara rẹ̀ rọ́pò ọgbọ́n àwọn tí ó wà nínú igbó, ìròyìn tí owó Lọ́ńdọ̀nù ń mú bọ̀ kò sì dé etí àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún èmi gan-an. Níbo ni owó náà lọ? Àwọn kan lọ sí ibi tí kò yẹ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker darí ní 1962 sọ ọ́ nínú àbọ̀ rẹ̀ pé owó Bọ́ọ̀dù ya sí ọ̀nà ìṣèlú. Ṣùgbọ́n owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dúró ní Ìwọ̀-Oòrùn láti 1955, ó wà lára ohun tí a fi kọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Ilé Kòkó ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí, owó tí wọn kò san fún àwọn bàbá wa ni a fi kàwé. Ìwé náà ni a sì fi wá mọ̀ pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ.

Ṣé kí a wá sọ pé kò burú nítorí pé a rí èrè rẹ̀? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pe bàbá mi sí ìpàdé pé kí ó dá owó fún ilé ìwé, mo gbà pé yóò dá a. Ó dá ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá ti ẹgbẹ́, ó sì dá èésú. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju owó lọ. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ tí ó ní láti mọ̀ pé òun ń dá a. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí tún gorí ìyẹn, àwọn àgbẹ̀ fárígá. Agbẹ́kọ̀yà ni orúkọ tí wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní san ju 30 ṣílè lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí kò bá rí àyè sọ “n kò tà” ní ẹnu ìwọ̀n, ó lè wá sọ ọ́ pẹ̀lú ìbọn ní ojú títì.

5. Nígbà tí wọ́n wó ọgbà

Ní 1977 Bọ́ọ̀dù di ti ìjọba àpapọ̀. Ní 1986 ìjọba wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Owó kòkó gbéra, àgbẹ̀ sì rí ẹni púpọ̀ tí yóò tà fún. Bauer àti Hayek ìbá yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yẹ kòkó wò kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Báyà ń ra èyí tí kò gbẹ mọ́ èyí tí ó gbẹ, nítorí pé bí òun kò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á. Orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní ní ọjà àgbáyé bàjẹ́. Wọ́n wó ilé tí ń dá owó, wọ́n sì wó ilé tí ń ṣọ́ ìwọ̀n pọ̀ mọ́ ọn, bí ẹni pé ilé kan ni méjèèjì.

Gánà kò wó tirẹ̀. Àjọ kòkó wọn ṣì ń dá owó, kòkó wọn sì ń níyì nítorí dídára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2024, nígbà tí owó kòkó lé ní 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, àgbẹ̀ Nàìjíríà ni ó tètè rí i; ti Gánà ń wo ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn kan sì ń kó tiwọn gba ẹnubodè kọjá lóru. Nígbà tí owó náà tún já wálẹ̀ lẹ́yìn èyí, àgbẹ̀ Nàìjíríà náà kò ní ibi ìfẹ̀yìntì. Òmìnira ní owó tirẹ̀ tí à ń san. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, kò ṣe òwò rí.

6. Ìkádìí

Alága, mo béèrè níṣàájú pé ta ni ó ń pàṣẹ fún ọjà. Èsì mi ni pé kò sí, kò sì yẹ kí ó sí, nítorí pé kò sí orí kan tí ó lè gba ìmọ̀ tí ó wà nínú ọjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta wà tí ọjà kò lè ṣe fún ara rẹ̀ láìsí ọba tàbí òfin. Èkínní, kí ọ̀nà má léwu. Èkejì, kí òṣùwọ̀n pé. Ẹ̀kẹta, tí ó sì tóbi jù, kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ oníṣòwò, má ṣe gba gbólóhùn “n kò tà” lẹ́nu ọmọnìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Àgbàlé kò ju èyí lọ, ó sì tó ọba í ṣe.

Ní ti owó tí ìlú nílò fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti afárá, kí a béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí a pè é ní owó orí, kí ẹni tí ń san án mọ iye rẹ̀, kí ó sì lè bi wá bí a ti ná an. Bàbá mi ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè kí n tó mọ èsì ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó dá iye náà kì í ṣe ènìyàn burúkú; ó ní ìwé àti ètò níwájú rẹ̀, ó sì ń ro ire ìlú. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: kò mọ bàbá mi, kò sì sí ọ̀nà tí bàbá mi lè gbà sọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀.

Kí ọjà Ẹdẹ má tú o.